Lẹ́tà Ìdúpẹ́ fún Ìka Mẹ́ta

Bí ẹ̀rọ bá gé ẹnì kan níka nínú ẹbí wa lónìí, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, àwa fúnra wa la máa wọ aṣọ tó dára jù lọ tí a ní, tí a máa lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀rọ. Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Mo wà níbẹ̀. Èmi gan-an wé gèlè.

Àbúrò mi ọkùnrin, Kọ́láolúwa, ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Ilé iṣẹ́ oníke kan ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate ló ń bá ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́ ìfọṣọ àti kẹ́tùlù àlùwàlá. Ìdí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà mẹ́fà ló máa ń dúró sí. Ẹ̀rọ náà á pa ẹnu dé, ike gbígbóná á ṣàn sínú rẹ̀, á tún la ẹnu, Kọ́láolúwa á ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó wà lára rẹ̀, á sì fa bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yẹn ní làákàyè. Wọ́n fi suwíìṣì kan sí ilẹ̀kùn náà, tó jẹ́ pé tí o bá ti ṣí i, irin inú ẹ̀rọ ò ní lè pa ẹnu dé títí wàá fi tì í padà. Àmọ́ suwíìṣì yẹn máa ń dá iṣẹ́ dúró díẹ̀, àwọn ọ̀gá sì ń ka bọ́kẹ́ẹ̀tì ní wákàtí wákàtí. Ni wọ́n bá fi rọ́bà de suwíìṣì mọ́lẹ̀, kí ẹ̀rọ lè máa rò pé ilẹ̀kùn wà ní títì nígbà gbogbo. Rọ́bà lásán, irú èyí tí wọ́n fi ń de ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilé iṣẹ́ yẹn fi sáàárín ọwọ́ àbúrò mi àti irin tó wúwo ju mọ́tò lọ nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Kọ́láolúwa sọ fún súpáfáìsọ̀ rẹ̀ pé rọ́bà yẹn ò dáa. Súpáfáìsọ̀ bi í bóyá bàbá rẹ̀ ló ra ẹ̀rọ. Kọ́láolúwa ní, “Ẹ má bínú, sà,” ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Tí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ nínú ọjà, òun ló máa bẹ onítọ̀hún.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún tó kọjá, nígbà tí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú márùn-ún, nọ́ńbà mẹ́fà pa ẹnu dé mọ́ ọn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìka mẹ́ta tó wà láàárín ló lọ. Àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín ló ṣẹ́kù.

Máníjà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọlálérè, gbé e sínú mọ́tò ara rẹ̀, ó sì gbé e lọ sí ọsibítù aládàáni kan ní ojú ọ̀nà Àgọ́ Palace. Ó san owó ìtọ́jú. Ní ọjọ́ kẹta, ó wá sílé pẹ̀lú ìdajì àpò ìrẹsì, páálí núdùsì kan, àti àpòòwé funfun kan. Ó gbàdúrà. Àdúrà rẹ̀ gùn ju àkókò tí dókítà lò lórí ọwọ́ ọmọ náà lọ. Ó ní ká máa dúpẹ́ pé kì í ṣe orí ni ẹ̀rọ gbá mú. Àwa náà ń pariwo “Àmín” bí ẹni tí wọ́n fún ní ilẹ̀.

Bí ó ṣe jáde, Bàbá Adéjùmọ̀ tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe. Àbúrò bàbá wa ni, díákónì ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Èkìtì kó tó wá bá ọmọ rẹ̀ gbé ní Ire-Akari. Tí wọ́n bá fún Bàbá ní omi mu, ọjọ́ kejì ló máa padà lọ dúpẹ́ omi. Ó ní, “A gbọ́dọ̀ lọ kí ọkùnrin yìí dáadáa. Wọn ò ní sọ nípa wa pé a ò mọ oore. Kíkẹ́, ìwọ lo mọ̀wé kọ, kọ lẹ́tà tó nítumọ̀.”

Ó dára kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ lè mọ ẹni tí ẹ máa bú. Kíkẹ́lọmọ ni orúkọ mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ́ akọ̀wé ní sẹkitéríàtì Lagos, gbogbo ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ ló mọ̀ pé tí wọ́n bá fẹ́ lẹ́tà tó dùn, èmi ni kí wọ́n pè. Inú mi dùn sí ìmọ̀ yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Mo jókòó, mo mú bírò, mo sì kọ gẹ̀ẹ́sì tó ń dán.

Tí mo bá ń dúpẹ́, mi kì í dúpẹ́ ní gbólóhùn kan. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé ni pé kí o to oore náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ṣe é lè mọ̀ pé o rí gbogbo rẹ̀. Nítorí náà mo to gbogbo rẹ̀. Mo kọ ọjọ́, mo kọ aago. Mo kọ pé ìdí ẹ̀rọ nọ́ńbà mẹ́fà ni, nígbà iṣẹ́ òwúrọ̀. Mo kọ pé Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè fúnra rẹ̀ ló gbé e dìde nílẹ̀, pé mọ́tò Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè ni ẹ̀jẹ̀ kán sí, pé kò sì bínú. Mo kọ orúkọ ọsibítù. Mo kọ ìrẹsì, mo kọ núdùsì. Ó dé ojú ewé kejì.

Ká ní mo dúró níbẹ̀, ì bá dáa. Àmọ́ Bàbá ní ó yẹ ká rẹ ara wa sílẹ̀ díẹ̀, pé ìdúpẹ́ tí kò ní ìrẹ̀lẹ̀ nínú kò pé. Ni mo bá fi ìlà méjì kún un. Mo kọ ọ́ ní orúkọ Kọ́láolúwa pé àìbìkítà òun ló fa ìjàǹbá náà, pé ilé iṣẹ́ ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, òun ò sì ní ohunkóhun láti béèrè mọ́. Mo ka á sókè. Bàbá mirí, ó ní kò sí akọ̀wé bí èmi.

Kọ́láolúwa wà lórí ibùsùn, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. Ó ní, “Àǹtí mi, ṣé mi ò bìkítà ni?”

Mo ní, “Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Fọwọ́ sí i.”

Ó fi ọwọ́ òsì fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí náà wọ́ kiri bí ọ̀nà tí èèrà gbà.

Ní ogúnjọ́ oṣù náà, a lọ. Bàbá wọ agbádá, èmi wé gèlè, Kọ́láolúwa tẹ̀ lé wa, a mú àpẹ̀rẹ̀ èso dání, bí ẹni ń lọ tọrọ ìyàwó. Kí a tó wọlé sọ́dọ̀ Ọlálérè, mo dúró lọ́dọ̀ ọmọbìnrin tó ń gba àlejò, mo fún un ní lẹ́tà náà, mo sì ní kó lu sitáǹpù mọ́ ẹ̀dà tèmi, kó kọ ọjọ́ sí i, kó fọwọ́ sí i. Ọlálérè yọjú, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mummy, ẹ̀yin náà kẹ̀! Lẹ́tà ìdúpẹ́ ni ẹ ń gba sitáǹpù sí?” Mo ní bí wọ́n ṣe kọ́ wa lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, ìwé kankan ò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ mi láìní ẹ̀dà tó ní sitáǹpù. Gbogbo wọn fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà, Bàbá ní kí Kọ́láolúwa dọ̀bálẹ̀. Ó sì dọ̀bálẹ̀. Ó na ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé sókè kó má baà kan ilẹ̀, ó fi ọwọ́ kan tó kù gbé ara rẹ̀ ró lórí táìlì ọ́fíìsì yẹn. Ọlálérè ní, “Ó tó, ó tó, dìde,” ṣùgbọ́n kò tètè sọ ọ́.

Ilé iṣẹ́ fi Kọ́láolúwa sí géètì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ọwọ́ òsì kọ nọ́ńbà àwọn lọ́rí tó ń wọlé, wọ́n sì gé owó oṣù rẹ̀ kù, nítorí pé kíkọ nọ́ńbà ò le tó fífa bọ́kẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó di oṣù kejìlá, wọ́n ní àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, kó máa lọ sílé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo búra fún yín, ó dúpẹ́.

Ó wá ń jókòó sílé ní yàrá méjì tí òun, ìyàwó àti àwọn ọmọ wọn méjì ń gbé ní Ìsọlọ̀. Ó bẹ̀ káàkiri fún iṣẹ́. Gbogbo ibi tó dé, ọwọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Ọmọ rẹ̀ kékeré ló ń bá a de okùn bàtà.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún yìí ni Mísbáù wá kí i, mo wà níbẹ̀. Mísbáù ló máa ń tún àwọn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ yẹn ṣe kó tó lọ síbòmíràn, ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sáré. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní, “Brọ̀dá Kọ́lá, àwọn àjọ yẹn ńkọ́? Wọ́n ti san owó yín?”

Kọ́láolúwa ní, “Àjọ wo?”

Mísbáù gbé ife sílẹ̀. “Ah ah! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Àjọ ìjọba tó ń san owó gbà-má-bínú fún ẹni tó bá farapa níbi iṣẹ́! Gbogbo oṣù ló yẹ kí ilé iṣẹ́ máa san owó síbẹ̀ lórí gbogbo wa. Kì í ṣe ara owó oṣù wa o, àpò tiwọn ni. Tí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti sanwó fún èèyàn. Ó yẹ kí Ọlálérè ti kọ̀wé sí wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí ọwọ́ yín gé.”

Mo bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tí ike gbígbóná jó lójú ní ilé iṣẹ́ mìíràn gbà á. Ó wá sọ èyí tó mú mi dìde nílẹ̀. Ó ní ọdún kan péré ni òfin fún ẹni tó farapa láti kọ̀wé béèrè. Tí ọdún kan bá kọjá, ó di kó máa wò wọ́n lójú.

Mo kà á lórí ìka ara mi, nítorí mo ṣì ní gbogbo wọn. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Bàbá Adéjùmọ̀ sọ nígbà tí a sọ fún un. Ó ní, “Lẹ́yìn tí a ti dúpẹ́ tán? Ojú wo la máa fi wo ọkùnrin yẹn?” Mo ní ojú méjì tí Ọlọ́run fún wa ni. Ó ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní láti bá wa dá sí i, nítorí pé mo ti ń pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì yọjú.

A padà lọ bá Ọlálérè, èmi àti Kọ́láolúwa nìkan. Kò fi àga lọ̀ wá. Mo ní a fẹ́ fọ́ọ̀mù tí ilé iṣẹ́ máa fi jẹ́rìí sí ìjàǹbá náà. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó fa fáìlì kan yọ, ó sì gbé lẹ́tà mi ka orí tábìlì. Ó ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ àwọn ìlà méjì yẹn.

Ó ní, “Mummy, ẹ kà á síta fún mi. Àìbìkítà ta ni? Ta ló ní òun ò ní ohunkóhun láti béèrè mọ́? The matter is closed. Lẹ́tà yín dùn gan-an o. Mo kà á fún ìyàwó mi nílé.”

Kọ́láolúwa tẹríba díẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, sà.” Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbá a létí. Ìgbà tí a dé ojú títì, tí lọ́rí ń kọjá tí eruku bo wa, ni mo tó rántí pé kì í ṣe òun ló kọ ìlà méjì yẹn.

Mo ní, “Kọ́lá, bú mi.”

Ó ní, “Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Ẹ ò mọ̀ ni.”

Ojú tì mí ju pé kó bú mi lọ. Nígbà tí mo délé, mo fa àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn, mo mú ẹ̀dà lẹ́tà yẹn, mo mú ìṣáná. Mo ti ṣá a, iná ti mú. Àmọ́ sitáǹpù wà lára ìwé náà. Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ ìjọba fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ò lè dáná sun ìwé tó ní sitáǹpù. Mo pa iná, mo sì tì í padà sísàlẹ̀ àpótí níbi tí ojú mi ò ti ní rí i.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, a lọ sí ọ́fíìsì àjọ náà. Obìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò ju ti àkọ́bí mi lọ ló pè wá. Tẹjúmádé ló kọ sí àyà rẹ̀. Mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́, nítorí mi ò fẹ́ kó fàkókò rẹ̀ ṣòfò. Mo ní a ti kọ lẹ́tà pé àìbìkítà ọmọ yìí ni, a sì ti ní a ò béèrè nǹkan kan mọ́, bóyá ká kàn máa lọ sílé.

Ó ní, “Mummy, ẹ jókòó. Ṣé ẹnu iṣẹ́ ló wà nígbà tó ṣẹlẹ̀?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn. A kì í kọ́kọ́ bi òṣìṣẹ́ pé ta ló jẹ̀bi. Àwa kì í ṣe kóòtù. Ìyẹn pé ẹ ní ẹ ò béèrè mọ́, òfin ò gbà á. Òṣìṣẹ́ ò lè bá ọ̀gá rẹ̀ ṣàdéhùn pé òun fi ẹ̀tọ́ yìí sílẹ̀, kódà kó fọwọ́ sí i nígbà ogún.”

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ọ́. Ó ṣàlàyé ìyókù: wọ́n á san owó ìtọ́jú padà fún ẹni tó bá san án, dókítà á yẹ ọwọ́ náà wò, àtẹ kan sì wà tó sọ ohun tí ìka kọ̀ọ̀kan tó sí nínú agbára èèyàn láti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ ohun tó tọ́ sí i. Gbogbo ohun tí àwọn Ọlálérè ò sọ fún wa fún oṣù mọ́kànlá, ọmọ yìí sọ ọ́ tán láàárín ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń jẹ búrẹ́dì kan.

Ó wá béèrè pé, “Ta ló tiẹ̀ kọ lẹ́tà yẹn?”

Mo ní, “Èmi ni.”

Ó wò mí. Ó ti fọ́ọ̀mù síwájú, ó ní kí Kọ́láolúwa sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, pé tí kò bá lè kọ ọ́, ẹlòmíràn lè bá a kọ ọ́. Ọwọ́ mi ti lọ síbi bírò kí n tó mọ̀.

Kọ́láolúwa ní, “Ẹ fún mi, Àǹtí mi.”

Ó gba bírò náà, ó fi ọwọ́ òsì kọ ọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń mí kanlẹ̀, Tẹjúmádé ò yọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tó parí, mo kà á láti ẹ̀gbẹ́. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò dán. Ó kọ pé wọ́n fi rọ́bà de suwíìṣì. Ó kọ pé òun sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ ọ́ sí ìparí pé, kì í ṣe pé òun ò bìkítà. Mo wo ògiri.

Ẹ lè rò pé ó parí síbẹ̀. Àjọ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́, ilé iṣẹ́ sì fèsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tẹjúmádé pè wá, ó ka èsì náà fún wa. Wọ́n ní ìjàǹbá kankan ò ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà àwọn. Wọ́n ní ilé rẹ̀ ni Kọ́láolúwa ti fi ẹ̀rọ ìlọta gé ọwọ́, pé àánú ló ṣe àwọn tí àwọn fi ràn án lọ́wọ́. Wọ́n so káàdì ọsibítù mọ́ ọn. Lóòótọ́, “nílé” ló wà níbi tí wọ́n ti ń béèrè ibi tó ti farapa. Ọlálérè ló dáhùn ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ náà, nígbà tí àbúrò mi dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ wo ọkùnrin aládùúrà yẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, àìbìkítà wa ló fà á. Lọ́dọ̀ ìjọba, kò ṣẹlẹ̀ rárá. Ó mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣì wà níbẹ̀ ò ní jẹ́rìí, nítorí pé wọ́n fẹ́ jẹun. Ó sì mọ̀ pé inú dúrọ́ọ̀ òun ni lẹ́tà mi wà.

Tẹjúmádé ní, “Ọ̀rọ̀ yín àti ọ̀rọ̀ wọn ló kù báyìí, káàdì yìí sì ń gbè wọ́n lẹ́yìn. Ṣé ẹ ní ìwé kankan tó fi hàn pé ilé iṣẹ́ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí nígbà náà? Òfin fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀.”

Kọ́láolúwa mi orí pé rárá. Èmi ti dìde. Mo ní kí wọ́n dúró dè mí. Ọ̀kadà ni mo gùn délé, ní ọjọ́ orí mi, mo káṣọ sókè. Mo fa àpótí jáde. Ìwé náà ṣì ń rùn ìṣáná.

Tẹjúmádé tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á pẹ̀lú ìka lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀rọ nọ́ńbà mẹ́fà, iṣẹ́ òwúrọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè gbé e dìde nílẹ̀. Mọ́tò Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè. Ó dé orí ìlà méjì yẹn, ó kọjá lórí wọn bí ẹni ń kọjá lórí omi ìdọ̀tí. Ó dé ìsàlẹ̀, ó rí sitáǹpù ilé iṣẹ́, ó rí ọjọ́, ó rí ìfọwọ́sí. Ó ka ọjọ́: ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìjàǹbá.

Ó ní, “Mummy, ìwé ìdúpẹ́ kọ́ lèyí. Ẹ ti fẹjọ́ wọn sùn fún ara wọn, wọ́n sì fi sitáǹpù gbà á.”

Mo sunkún níbẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín.

Oṣù karùn-ún ni ìwé ìfọwọ́sí dé. Owó náà ò sọ ẹnikẹ́ni di olówó, ìka ò sì hù padà. Àmọ́ àwọn ọmọ padà sí ilé ẹ̀kọ́, Kọ́láolúwa sì lè jókòó ronú iṣẹ́ tí ọwọ́ òsì lè ṣe láìsí pé onílé ń kanlẹ̀kùn. Bàbá Adéjùmọ̀ ti ń béèrè ọjọ́ tí a máa lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àjọ.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, a jókòó nílé Kọ́láolúwa nígbà tí ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Ọlálérè ni, ó gbé páálí júùsì dání. Ó rẹ́rìn-ín sí gbogbo wa. Ó jókòó kí ẹnikẹ́ni tó fi àga lọ̀ ọ́. Ó ní òun gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Ó ní a ò lè mọ bí àwọn ṣe jà fún ọ̀rọ̀ náà lábẹ́lẹ̀, pé nígbà tí àjọ padà kọ̀wé, òun fúnra òun ló ní kí wọ́n má ṣe jiyàn mọ́, kí ọmọ náà lè rí nǹkan gbà.

Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́, ó ń retí. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ ohun tó yẹ kó bọ́ sínú irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Bàbá Adéjùmọ̀ ti ń kó agbádá rẹ̀ jọ, ó ti ń dìde.

Kọ́láolúwa ní, “Ẹ jókòó, Bàbá.”

Bàbá jókòó. Kọ́láolúwa gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí páálí júùsì náà, níwájú Ọlálérè, àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín. Ọkùnrin náà wò ó. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ tó wò ó nìyẹn.

Kọ́láolúwa ní, “Ta ló wà nídìí nọ́ńbà mẹ́fà báyìí, sà? Ṣé ẹ ti tú rọ́bà yẹn?”

Ọlálérè wúkọ́. Ó wo aago rẹ̀, ó ní òun ní ìpàdé níbì kan ní Àgọ́ Palace. Ó dìde, ó wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ nínú àpò kan, ó wá a nínú èkejì. Ó ní ó dàbọ̀.

Kò sí ẹni tó dìde láti sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.